Ọjọ́ Tí Fèrè Ìrọ̀lẹ́ Kò Ké

Sàlámọ̀tù ni orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba báyìí nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ, orúkọ náà kò jáde lẹ́nu mi rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, ìyàwó ilé kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Orúkọ àpọ́nlé ni à ń wá fún wọn, èmi náà sì wá tèmi. Ìbàdíàrán ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí àrán kankan ní ìbàdí rẹ̀, àfi ìdì kọ́kọ́rọ́ kan tó máa ń so mọ́ ìró, tí yóò ti máa dún ṣaworo ṣaworo kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, "ó" ni n óò pè é, kí ara lè tù mí díẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí nínú ilé yẹn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àmọ́ mo ti dàgbà, ó sì yẹ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ariwo kan ló rán mi létí rẹ̀, ní ilé ọmọ mi ní Ọmọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, Tẹ̀mítọ́pẹ́, jókòó sórí àga, ó tẹjú mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fi ìka lé àwọn ẹyẹ aláwọ̀ mèremère kiri. Lójijì ni nǹkan náà ké fáà bíi fèrè, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Bàbá rẹ̀ ti ṣètò rẹ̀ pé bí àkókò eré bá ti pé, kí ó pa ara rẹ̀. Ọmọ náà ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó sì figbe ta bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní títì. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ń bá a wí. Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi, wọ́n sì rò pé ọmọ náà ni mò ń rín. Kì í ṣe òun. Bàbá tó dúró tó ń bá ọmọ wí yẹn ni Káyọ̀dé, àkọ́bí mi, fèrè sì ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lóde òní máa ń bi mí, torí pé mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé, pé báwo ni kí òbí ṣe fi òdiwọ̀n sí bí ọmọ ṣe ń lo kọ̀ǹpútà àti géèmù. Ẹ fara balẹ̀. N óò sọ bí èmi ṣe ṣe é nígbà Sáàpù, nígbà tí ìjọba já owó wa lulẹ̀, ẹ ó sì rí ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Agége ni à ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ onítánganran, níbi tí Agége ti ń di Ìkẹjà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Mílíìkì ti di ohun tí a mọ̀ nípa agolo rẹ̀ nìkan, èyí tí àwọn alágàrí ń fi wọn gàrí fún wa, búrẹ́dì sì ti tín-ín-rín débi pé bí o bá gbé e sókè sí oòrùn, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí aládùúgbò rẹ láti inú rẹ̀. Síbẹ̀ a máa ń rẹ́rìn-ín. Ilé wa jẹ́ ilé oníyàrá méjìlá, ilẹ̀kùn wọn kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín wọn kọjá, tí ó máa ń rùn fún kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọṣọ àti ẹ̀wà ẹni tó gbàgbé ẹ̀wà sórí iná.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkùnrin ilé náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ abọ́ yìí. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ní ìdí iná ìléru tí wọ́n ti ń yan abọ́ kí ó tó máa dán. Iṣẹ́ òru ni tirẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní náìtì. Ẹni tó bá ṣe náìtì ní láti sùn lọ́sàn-án, nítorí náà òfin kan wà nílé wa tí a bẹ̀rù ju gbogbo òfin ìjọba ológun lọ. Òfin náà ni pé ariwo kò gbọdọ̀ sí lọ́sàn-án.

Ẹ fojú inú wo ilé tí àwọn ọmọ kún bí eṣú, tí ó sì dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń fo súwé. Bí wọ́n bá ń ta ayò, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ayò bọ́ sínú ihò, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ìka tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ìkókó. Obìnrin tó bá fẹ́ gúnyán yóò yí odó lọ sí ẹ̀yìn ilé lẹ́bàá gọ́tà, yóò sì tẹ́ àpò ìrẹsì sí abẹ́ rẹ̀. Mo rí obìnrin méjì tó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bú ara wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn, wọ́n na ìka sí ara wọn lójú, kò sì sí ẹni tó jí. Ẹni tí àwọn ọmọ bẹ̀rù jù ni bàbá kan nínú yàrá ìkángun, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Náìtì. Bí ìró kékeré bá ta sí i létí, yóò yọ orí jáde láàárín kọ́tìnnì, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin iná.

"Ta ló sín? Mo ní ta ló sín níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ tó sín á gbé ẹ̀bi rẹ̀ lọ sí ìgboro, á sì lọ parí èyí tó kù níbẹ̀.

Inú ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí ni géèmù dé bá wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti òkè òkun fún àwọn ọmọ mi, Káyọ̀dé àti àbúrò rẹ̀ Bísí. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju síléètì ọmọ ilé ìwé lọ, ó sì ní ọwọ́ méjì tí okùn so mọ́ ọn. A óò kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wa, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò sì mọ àwọ̀ kankan yàtọ̀ sí dúdú àti funfun. Igi tín-ín-rín kan á yọ lápá ọ̀tún, òmíràn á yọ lápá òsì, nǹkan funfun kékeré kan bíi hóró àgbàdo á sì máa sáré láàárín wọn. Ẹni tí hóró náà bá kọjá lẹ́yìn igi rẹ̀ ti jìyà. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fi han Tẹ̀mítọ́pẹ́ lónìí, yóò bi yín pé kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sí ọmọ kan ní àdúgbò wa tó rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń wá láti ojúlé tí n kò mọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ìyá wọn kò rí gbà rí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nǹkan náà ń dún pìn-ìn-pón, pìn-ìn-pón. Kọ́tìnnì yàrá ìkángun ṣí. "Ta ló ń lu agolo?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, àwọn ọmọ sì kọ́ bí a ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ yọ̀. Ẹni tó bá jẹ góòlù á la ẹnu gbàgà, á ju ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa fò lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ kò sì ní gbọ́ ohun tó ju mímí lọ. Ẹni tó bá pàdánù á ṣubú sórí ẹní, àwọn yòókù á gbé e ní ẹsẹ̀ àti ní apá, wọ́n á rọra tò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń lọ sin òkú ọlọ́lá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ eré láyé mi, ní gbọ̀ngàn ńlá àti ní kékeré, n kò tíì rí èyí tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

N kì í ṣe ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀ o. Bàbá tèmi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, kì í fi òdiwọ̀n sí eré. Ńṣe ló máa ń ba ohun eré jẹ́. Ó fi bàtà fọ́ òkòtó mi nígbà kan nítorí pé mo gbàgbé láti pọn omi. Mo pọn omi lọ́jọ́ náà, mo sì tún wá òkòtó mìíràn, mo ń ta á lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ níbi tí kò sí ẹni tó máa wá mi dé. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni irọ́. Mo mọ irọ́ í pa nígbà tó yá ju bí mo ti mọ òkòtó í ta lọ. Nítorí náà, nígbà tó kan èmi láti jẹ́ òbí, n kò sọ pé kí wọ́n má ta géèmù. Mo ní kí wọ́n jẹun, kí wọ́n fọ yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n wá máa ta á títí fèrè ìrọ̀lẹ́ yóò fi ké. Bí fèrè bá ti ké, kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé korobá, ó di ìdí ẹ̀rọ omi.

Fèrè ilé iṣẹ́ abọ́ ni mò ń sọ. Òrùlé ibi ìléru ni wọ́n gbé e sí, ó sì máa ń ké láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lálẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń wọlé tàbí tí wọ́n bá ń jáde. Òun nìkan ni ariwo tí Bàbá Náìtì kò lè bá wí. Òun sì ni aago gbogbo wa. Bí wọ́n bá bi obìnrin pé ìgbà wo ló gbé ẹ̀wà kaná, yóò ní, "Ó ti tó ìgbà tí fèrè ọ̀sán ké." Èmi tí mo ní aago lọ́wọ́, tí mo fi ń ṣe fáàrí níwájú kíláàsì, fèrè ni mo fi ń tún tèmi ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹnu ìyá. Ìyá ni ọmọ lè bẹ̀ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré." Ta ni yóò bẹ fèrè? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bísí sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí fèrè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kí ó tó dákẹ́, Káyọ̀dé ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, àwọn ọmọ àlejò ti ń wá bàtà wọn. N kì í dìde níbi tí mo bá jókòó. N kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ilé wa tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé géèmù yóò fa ojú ọmọ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn. Sàlámọ̀tù ń gbé ní Àgídìngbì, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Ọkọ rẹ̀, tí à ń pè ní Bọ̀dá Múfú, jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ abọ́ yìí kan náà. Òun ló bá ọkọ mi wá iṣẹ́ síbẹ̀, Sàlámọ̀tù kò sì jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣeré. Bí ẹ bá dé ilé wọn, ẹ ó bá wọn lórí àga, wọ́n jókòó ti ìwé bíi fọ́tò, àkọ́bí rẹ̀ Wàídì sì máa ń wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ kí n jí òun gbé.

Ó wọlé sí wa ní ọ̀sán kan, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún. Ó bá àwọn ọmọ nídìí géèmù.

"Ìyàwó, ibi tí ìwé tí o kà gbé ọ dé nìyí? O da àwòrán sílẹ̀ fún ọmọ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ má bínú, Ìbàdíàrán. Bí fèrè bá ti ké, wọ́n máa ń pa á fúnra wọn. N kì í sọ̀rọ̀ rárá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Fúnra wọn? Ọmọ ènìyàn? Wàídì tèmi kì í fúnra rẹ̀ nu imú!"

Ó wá jókòó ti ọkọ mi, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Bàbá wọn ti kú, Màmá ń dá gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fẹ́ ọmọ kan tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Káyọ̀dé ni ó tọ́ sí, nítorí pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí géèmù tí yóò ba ayé rẹ̀ jẹ́. Mo yarí. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ohùn jẹ́jẹ́, nítorí Bàbá Náìtì, títí òun fúnra rẹ̀ fi mú àdéhùn wá. Ó ní òun yóò wá fojú ara òun rí i. Bí ọmọ bá dìde nídìí géèmù láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun kò ní dá ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ mọ́ láé. Bí kò bá dìde, òun yóò mú un lọ. Ọkọ mi ní kò burú. Èmi náà ní kò burú, nítorí pé n kò rí ibi tí mo ti lè pàdánù. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a fi sí.

Ọjọ́bọ̀ ló wá, ọjọ́ Ajé ṣì wà níwájú. Ó ní ara òun kò gbà á mọ́, òun kò lè dúró. Mo gbé àga fún un lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé abọ́ ẹ̀gúsí sórí itan, mo ń bó o, kí ọwọ́ mi lè rí ohun ṣe, torí pé ẹnu mi kò gbọdọ̀ ṣí. Ọkọ mi ń sùn ní ìyẹ̀wù. Àwọn ọmọ jẹun, wọ́n fọ aṣọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀dé àti Bísí ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi mélòó kan. Hóró funfun ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n ń yọ̀ láìfọhùn, wọ́n ń sìnkú ara wọn. Inú mi dùn. Mo ń dúró de fèrè bí ẹni tó mọ nọ́ńbà tẹ́tẹ́ tí wọ́n fẹ́ pè.

Oòrùn kúrò lára ògiri. Obìnrin tó ń din àkàrà ní ìta ti gbé agbada rẹ̀ kaná. Mo wo aago mi, mo rò pé ó ti ń sáré jù. Nínú yàrá, Bísí fetí sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé fèrè ò tíì ké ni?"

"Kò tíì ké. Máa ta tìẹ."

Sàlámọ̀tù yí ojú sí mi. "Ṣé fèrè ló bí wọn ni, ìyàwó?"

Mo gbàdúrà kí iná lọ. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń mú un láàárín oúnjẹ, láàárín ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn iná dúró gbọingbọin, ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n san owó fún un. Káyọ̀dé wo ojú fèrèsé, ó wò mí, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń dúró de ohun tí mo kọ́ ọ kí ó máa dúró dè. Ó sì ń ta géèmù lọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Oòrùn ti wọ̀ o, ìyàwó," ni Sàlámọ̀tù wí. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le. "N óò padà wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Kí o kó aṣọ òtútù sí i."

Bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àdúgbò wa. Wọn kì í wọlé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àpárá ni wọ́n máa ń gbé bọ̀. Ní ọjọ́ náà wọ́n dákẹ́, olúkúlùkù wọn sì ru abọ́ tánganran lérí, bàsíà nínú bàsíà, funfun àti aláwọ̀ òféefèé, wọ́n ń dán bí ìgbà tí oṣù yọ lórí ẹni púpọ̀. Mo ní kí ló dé. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń gbé ní yàrá iwájú wa, sọ ẹrù rẹ̀.

"Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, Màámi Káyọ̀dé. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti kó wa jọ sí àgbàlá, tí wọ́n ń ka ìwé fún wa. Wọ́n paná ìléru. Wọ́n paná fèrè. Abọ́ ni wọ́n fi dá wa lọ́lá dípò owó."

Mo yí padà sí Sàlámọ̀tù. "Ìbàdíàrán, ẹ gbọ́! Fèrè kò ké rárá!"

Ó ní, "Àdéhùn ni àdéhùn. A kò sọ ti fèrè. A sọ pé kí ọmọ dìde."

Káyọ̀dé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ géèmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ní, "Màámi, kò ké. Mo fetí sílẹ̀." Mo ní mo mọ̀. Mo jí ọkọ mi, tó fẹ́ máa múra fún náìtì, mo sì sọ fún un pé kò sí náìtì mọ́. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí mo fẹ́ kó jà fún mi kò ní agbára ìjà mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ lọ fún ìgbà díẹ̀. Oúnjẹ wà lọ́dọ̀ Màmá." Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n mú un lọ.

N kò ní parọ́ fún yín pé Ògbómọ̀ṣọ́ pa ọmọ mi lára. Ó jẹ máńgòrò àti èso kajú débi pé ètè rẹ̀ wú. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Ó kọ́ ọ ní ayò, ó sì jẹ́ kó máa pariwo bó ṣe wù ú, ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré ni ó ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ yọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá fún ìsinmi, ó jẹ ayò kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó sì ké "Hẹ̀ẹ́ẹ̀n!" débi pé Bàbá Náìtì, tí kò níṣẹ́ mọ́, tí kò sì ní ìdí láti sùn lọ́sàn-án, sáré jáde, ó rántí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n eyín iwájú ọmọ mi bọ́ níbẹ̀, òmíràn hù síbẹ̀, n kò sí níbẹ̀. Nígbà tó fi padà sọ́dọ̀ mi pátápátá, ó ti ga dé èjìká mi, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí ìyá. Ohun tí mo kà sí Sàlámọ̀tù lọ́rùn nìyẹn.

Ti Wàídì ńkọ́? Inú mi dùn láti ròyìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé géèmù káàkiri, ọ̀kan wà ní Allen Avenue tó ní ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi, ibẹ̀ sì ni Wàídì kó lọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lára. Ilé ìwé kò rí i fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ wá a débẹ̀, ó rọ̀ mọ́ kọ́là rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ọmọ náà kò sì wẹ̀yìn. Ohun tó sọ, tí gbogbo Àgídìngbì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún náà fi parí, ni pé, "Màámi, ẹ bá mi di ibí mú ná, kí wọ́n má pa mí." Mo gbọ́ ọ, mo sì fi ìró bo ẹnu mi rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kan ló kù, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dùn tán. Kí ló dé tí ó fi wá lọ́jọ́bọ̀? A fi í sí ọjọ́ Ajé. Ọkọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé tí wọ́n kà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fèrè kò ní ké? Mo gbé ìbéèrè yìí kiri, mo fi dáná, mo fi kọ́ ọmọ, mo fi sìnkú ọkọ mi. Ìyàwó ilé kì í bi ẹ̀gbọ́n ọkọ ní irú rẹ̀. Ńṣe ni mo ń kúnlẹ̀ kí i lọ́dọọdún, mo ń pè é ní Ìbàdíàrán.

Nígbà tí Tẹ̀mítọ́pẹ́ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọmọlé, mo rò ó pé nǹkan púpọ̀ ti yí padà. Ilé iṣẹ́ abọ́ ti di ilé ìjọsìn. Kò sí fèrè kan tí gbogbo àdúgbò jọ ń gbọ́ mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ lọ́wọ́, òun nìkan ló sì ń ké sí. Nígbà tiwa, bí Káyọ̀dé bá pa géèmù, bàbá rẹ̀ ń múra iṣẹ́, ìyá kan ń sọ ẹ̀wà kalẹ̀, Bàbá Náìtì ń wẹ̀. Gbogbo ayé ló ń dáwọ́ dúró pẹ̀lú ọmọ, kò sì dà bí ìyà. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé ọmọ fẹ́ mọ ibi tí eré parí sí. Ẹ fi hàn án. Ẹ fi sí ohun tí ẹ̀yin náà ń gbọ́ràn sí, kì í ṣe pé kí ẹ gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tẹjú mọ́ fóònù tiyín. Ohun tí n óò sọ fún àwọn tó ń bi mí nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, mo fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, kò ké," bí ẹni pé àná ni.

Bó ṣe sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí ó gbé mi lọ sí Àgídìngbì. Sàlámọ̀tù ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ti máa ń ṣe, ó sì pẹ́ kí n tó lè dìde, torí pé eékún tèmi náà kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Mo jókòó tì í. Káyọ̀dé wà ní ìta, ó ń bá Wàídì ṣe àwàdà. Mo bi í níwọ̀nba, láìgbé ohùn sókè, bí a ti máa ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Agége. Mo ní, "Ìbàdíàrán, lọ́jọ́ tí fèrè kò ké, ṣé ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wá?"

Ó na ọwọ́, ó tún gèlè mi ṣe lórí bí ẹni tún ti ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sì ní:

"Mo mọ̀, ìyàwó. Alẹ́ tó ṣáájú ni Bàbá Wàídì ti sọ fún mi pé kò ní ké mọ́. Màmá ń dá sùn nínú ilé ńlá yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi tí ì bá jókòó tì í. Tìẹ nìkan ló ń gbọ́ràn."